Ganmọ ò jìnnà sí Ìlọrin, kí ló dé tí à ń dìbò pẹ̀lú Gúúsù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, olóòtú wa. Ganmọ ni mò ń gbé, mọ́tò kan péré ni mò ń wọ̀ dé Ìlọrin, àmọ́ tí ìdìbò bá ti dé wọ́n á ní Ìfẹ́lódùn ni wá, Gúúsù Kwara. Kí ló fà á? Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọjà Ọba tún máa ń sọ pé ibi tí Ìlọrin bá yí sí ni ará Gúúsù náà ń yí sí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an. Kì í ṣe bí ìlú ṣe súnmọ́ra ni wọ́n fi ń pín in, lókà gọ́mẹ́ǹtì ni wọ́n ń kà. Lókà 7 ló wà ní Gúúsù: Ọ̀fà, Ọyún, Ìrẹ́pọ̀dùn, Ìsin, Èkìtì, Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Ìfẹ́lódùn tiyín, tiyín yìí ló sì tẹ́ rẹrẹ jù, ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ Ìlọrin níbẹ̀ yẹn, ó gba Ìdọ̀fìàn, ó gba Ìgbàjà, títí dé Ṣàárẹ́ tó fara kan ilẹ̀ Nupe, Ṣàárẹ́ ọ̀hún náà ni olú ìlú lókà. Ìnira ni fún ará Ganmọ, mo gbà.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ yín ni mi ò gbà. Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn díẹ̀. Nígbà tí gbogbo wa ṣì wà lábẹ́ Kàdúná tí NPC, ẹgbẹ́ àwọn Sàdáúnà, ń ṣèjọba Àríwá, J.S. Olawoyin ọmọ Ọ̀fà wọ ilé aṣòfin Àríwá lórúkọ Action Group, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀, kì í ṣe ohun kékeré nígbà yẹn. Ní 1983 C.O. Adébáyọ̀ ọmọ Gúúsù di gómìnà lábẹ́ UPN, ẹgbẹ́ Awólọ́wọ̀ nígbà yẹn. Òótọ́ ni pé Olúṣọlá Sàràkí, àgbà olóṣèlú Ìlọrin tó wà ní NPN, kọ Adamu Attah tó jẹ́ gómìnà NPN sílẹ̀, ó ti Adébáyọ̀ lẹ́yìn, nítorí náà ọwọ́ Ìlọrin wà níbẹ̀, àmọ́ Sàràkí ló wá bá ọmọ Gúúsù yẹn. Oṣù 3 péré ni Adébáyọ̀ lò, sójà gbàjọba.

Èyí tó yẹ kí ọ̀rẹ́ yín rántí ni 2018. Ní July, Bùkọ́lá Sàràkí, ọmọ Olúṣọlá, kúrò ní APC lọ PDP, ọ̀pọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ bá a lọ. Fúnkẹ́ Adédoyin tó ń ṣojú Èkìtì, Ìsin, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Òkè-Ẹ̀rọ̀ l'Abuja, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un, kú ní September, wọ́n sì ṣe ìdìbò láti rọ́pò ẹ̀ ní November 17. Raheem Ọláwuyì ti APC ló wọlé! Inú Gúúsù nìyẹn ti ṣẹlẹ̀, kí Ó Tó Gẹ́, ariwo tí wọ́n fi kọ agbára àwọn Sàràkí, tó wá gbá gbogbo Kwara ní 2019, tí APC fẹ́rẹ̀ẹ́ kó gbogbo àga 24 ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, tí Lọlá Àṣírù sì gba ti sẹ́nétọ̀ Gúúsù lọ́wọ́ Rafiu Ibrahim.

Ní ti Ganmọ, INEC ni òfin fún láṣẹ láti tún ààlà àgbègbè ìdìbò wò, àmọ́ tí ẹ bá fẹ́ kúrò nínú Ìfẹ́lódùn fúnra ẹ̀, ọ̀dọ̀ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ lọ̀rọ̀ yẹn ti máa bẹ̀rẹ̀, kí ẹ bá aṣòfin yín sọ ọ́.