Ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ nílùú òyìnbó: ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní kí ẹ fi ebi pa á

Ẹ kú àárọ̀ o, ìyá ọmọ. Nígbà tí mo ka ohun tí ẹ kọ, àyà mi já, torí ó dà bí ẹni pé èmi gan-an ni mo kọ ọ́ ní ọdún 2023. Ẹ ní ọmọ yín pé ọdún mẹ́rin, pé ìrẹsì funfun, ẹyin díndín àti indomie nìkan ló ń jẹ, ẹ sì ń gbé e lọ sí Lọ́ńdọ̀nù fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lóṣù kẹjọ. Ẹ fẹ́ mọ ohun tí ẹ máa gbé dání tí yóò jẹ nínú bàálù. Màá dé ibẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tiwa, torí kì í ṣe inú bàálù ni ìyà ti jẹ wá.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Àjàní mi nígbà náà. Láfún tí gbogbo wa fi dàgbà ní Abẹ́òkúta níbí, kò jẹ́ fẹnu kàn án. Ìrẹsì funfun ló ń jẹ, láìsí ọbẹ̀, a ó wá rún ẹran gbígbẹ tí ìyá mi máa ń yan fún un sórí rẹ̀. Láàárọ̀, ògì pẹ̀lú mílíìkì inú agolo kan báyìí. Bí ẹ bá fi òmíràn dípò mílíìkì yẹn, kódà bí ẹ bá dà á sínú agolo àtijọ́, ó máa mọ̀, kò sì ní mu ún.

Ajẹ́ǹtì tó bá wa ṣètò ìrìn àjò ni mo bi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo bi í pé ṣé ẹran gbígbẹ àti mílíìkì lè wọlé. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀ mà, gbogbo èèyàn ló ń gbé e." Owó gọbọi ló gbà lọ́wọ́ wa, kò sì ṣí ojú ìwé òfin kankan wò kó tó dá mi lóhùn. Inú ṣì ń bí mi sí i títí di òní.

Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, òṣìṣẹ́ kan ní ká ṣí báàgì. Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó yọ ẹran tí ìyá mi fi odindi ọjọ́ méjì yan, ó yọ agolo mílíìkì méjèèjì, ó kó wọn sínú ọ̀rá, ó sì so ó. Mo ṣàlàyé pé ọmọ yìí kì í mu òmíràn. Kò tilẹ̀ wò mí lójú, ó kàn nawọ́ sí pátákó kan lára ògiri. Mo mọ̀ pé iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ọmọ ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ọ̀rá yẹn bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ, kò sì sẹ́ni tó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo.

Ẹ gbọ́ òfin náà lẹ́nu mi. Ẹran àti ohun tí a fi ẹran ṣe, mílíìkì àti ohun tí a fi mílíìkì ṣe, kò gbọdọ̀ bá èrò láti Nàìjíríà wọ ibẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Kílíṣí wà nínú rẹ̀, wàrà wà nínú rẹ̀. Mílíìkì oníyẹ̀fun ti ọmọ ọwọ́ àti oúnjẹ ọmọ ọwọ́ ni wọ́n yọ sílẹ̀, kò gbọdọ̀ ju kílò 2 lọ fún ẹnì kan, kó jẹ́ pé iléeṣẹ́ ló dì í, kó má sì jẹ́ èyí tó nílò fíríìjì kí wọ́n tó ṣí i. Tiwa, mílíìkì tí gbogbo ilé ń mu ni, ìyẹn ni wọ́n ṣe gbà á. Ẹja gbígbẹ ní àyè tirẹ̀, títí dé kílò 20. Ká ní mo mọ̀ ni, ẹja ni ǹ bá fi kọ́ ọmọ mi láti ilé.

Ẹ fi ẹ̀wà sílẹ̀ nílé o. Láti ọdún 2015 ni ilẹ̀ Yúróòpù ti fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá, nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tí wọ́n ń bá nínú rẹ̀. Oògùn yẹn ló wà nínú ọ̀pọ̀ ọtapíapíà tí wọ́n ń tà kiri. Nígbà tí mo mọ èyí, mi ò tún lè ra ẹ̀wà ní Kútọ̀ láìbi ẹni tó ń tà á bó ṣe tọ́jú rẹ̀. Ohun tí òyìnbó kọ̀ láti jẹ, àwa ń sè é fún ọmọ wa. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi la dé sí. Àǹtí wa ti se oúnjẹ kalẹ̀ dè wá: ìrẹsì, adìyẹ, ẹ̀fọ́ rírò. Àjàní wo ìrẹsì náà, basmati ni, ó tín-ín-rín, ó gùn, òórùn rẹ̀ sì yàtọ̀. Ó ti àwo sẹ́yìn. Àǹtí ní, "Ẹ ti kẹ́ ẹ bà jẹ́. Ẹ jẹ́ kí ebi pa á, á jẹ." Ọkọ mi pe dókítà kan nílé lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ kan náà lòun náà sọ, pé ọmọ tí ara rẹ̀ le kì í fi ebi pa ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Kò béèrè ohun tí ọmọ ti jẹ. Kò béèrè bóyá ó ti yàgbẹ́.

A ṣe bí wọ́n ṣe wí. Ọjọ́ kìíní, búrẹ́dì funfun àti bisikíìtì. Ọjọ́ kejì, búrẹ́dì. Ó tọ́ mílíìkì ibẹ̀ wò, ó tu ú sílẹ̀. Adìyẹ tó kọ̀ láàárọ̀ la tún gbé síwájú rẹ̀ lọ́sàn-án, torí Àǹtí ní a kò gbọdọ̀ fún un ní nǹkan mìíràn. Ọjọ́ kẹta, búrẹ́dì gan-an kò wù ú mọ́. A mú un lọ sí ibi tí àwọn ọmọdé ti ń ṣeré, àwọn ọmọ Àǹtí ń sáré, òun jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbá ikùn mú. Mo rò pé ó ń ṣe agídí ni. Ó ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ èyí pé mo jágbe mọ́ ọn níwájú àwọn èèyàn.

Lóru ọjọ́ kẹrin ló jí mi. "Màámi, inú ń run mí." Mo fọwọ́ kan ikùn rẹ̀, ó le koránkorán. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ṣírò: láti ọjọ́ tí a ti kúrò nílé, ọmọ yìí kò tíì yàgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Búrẹ́dì lásán ló ń jẹ, kò mu omi tó torí pé ojú ọjọ́ tutù, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ náà sì ń bà á lẹ́rù torí ariwo tó ń pa. Ìgbẹ́ ti gan sínú rẹ̀. Mo gbé e jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀, ó di ọrùn mi mú, ó ń sunkún, kò sì rí nǹkan kan ṣe. A wà níbẹ̀ títí aago mẹ́ta òru. Ọmọ tí nǹkan báyìí ń ṣe, báwo ni oúnjẹ ṣe fẹ́ wù ú? Gbogbo àwa àgbà tó wà nínú ilé yẹn, ẹnu rẹ̀ là ń wò, a kò wo ikùn rẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ apòògùn tó wà ní òpópónà wọn. Níbẹ̀, ẹ lè wọlé tọ̀ wọ́n láìsanwó ìmọ̀ràn. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè ṣe déédéé pẹ̀lú ti ọmọ, ó wá ń bi mí: ìgbà wo ló yàgbẹ́ kẹ́yìn, ṣé ó ń bì, ṣé ẹ̀jẹ̀ wà, ṣé ó ń tọ̀ dáadáa? Nínú gbogbo ẹni tó ti gbà wá nímọ̀ràn, òun nìkan ló béèrè. Ó fún wa ní lactulose, oògùn olómi dídùn kan tó máa ń fa omi sínú ìfun kí ìgbẹ́ lè rọ̀. Ó kìlọ̀ pé ó lè tó ọjọ́ méjì kó tó ṣiṣẹ́. Ó ní kí n máa fún un lómi lemọ́lemọ́, kí n sì gbé àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí orúnkún rẹ̀ ga ju ìdí lọ nígbà tó bá jókòó. Ẹ má fúnra yín wọn oògùn fún ọmọ o, ẹ lọ béèrè. Bí ikùn bá le tó sì ń bì, tàbí tí kò tọ̀ mọ́, ẹ má dúró de apòògùn. Nọ́ńbà 111 ni ẹ pè, ọ̀fẹ́ ni.

Ọjọ́ kejì tó lo oògùn, ó yàgbẹ́. Kò tó wákàtí méjì tó ní, "Màámi, ìrẹsì dà?" Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo sunkún.

Láti ọjọ́ yẹn, oúnjẹ kò ṣòro mọ́. A wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Rye Lane ní Peckham, ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa pọ̀ níbẹ̀. Ẹja gbígbẹ wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà wà, ìbẹ́pẹ wà, gààrí wà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìrẹsì funfun, ẹ fetí sí èyí dáadáa: irú tí a ń sè nílé, "easy cook" ni wọ́n ń kọ sára àpò rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ má ra basmati fún un. Indomie tí ẹ máa rí ní ṣọ́ọ̀bù ńlá wọn, Mi Goreng ti Indonesia ló wọ́pọ̀, gbígbẹ ni wọ́n ń jẹ ẹ́, kò lómi. Ọ̀dọ̀ àwọn èèyàn wa ni ẹ ti máa rí irú ti ilé. Bí ẹ bá jẹun níta, ẹ sọ fún wọn kí ẹyin jinná dénú, torí àárín rẹ̀ máa ń ṣàn nígbà mìíràn, ọmọ yín kò sì ní fojú rere wò ó.

Aago wọn àti tiwa kan náà ni lóṣù kẹjọ, ṣùgbọ́n oòrùn ṣì máa ń ràn lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ kò ní gbà pé alẹ́ ti lẹ́. Aago ni kí ẹ máa wò, kí ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹ máa ń gbé e kalẹ̀ nílé.

Ti bàálù tí ẹ béèrè: ẹ bá iléeṣẹ́ bàálù sọ̀rọ̀ ṣáájú fún oúnjẹ ọmọdé, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé e. Indomie ni kí ẹ gbé sínú báàgì ọwọ́, pẹ̀lú abọ́ tó lómorí, kí ẹ bẹ àwọn òṣìṣẹ́ inú bàálù fún omi gbígbóná. Ẹ má gbé ìrẹsì tí ẹ sè láàárọ̀ ní Abẹ́òkúta wọ bàálù. Wákàtí méjì dé Ìkẹjà bí ọ̀nà bá dára, wákàtí mẹ́ta ní pápákọ̀, mẹ́fà ààbọ̀ lójú òfurufú. Kòkòrò àìfojúrí kan wà nínú ìrẹsì, Bacillus cereus, iná ìsebẹ̀ kì í pa hóró rẹ̀, bí ìrẹsì bá sì pẹ́ ní lílọ́ wọ́ọ́rọ́, ó ń pọ̀ sí i, á mú ọmọ bì. Ìrẹsì tí ẹ bá gbé, kí ó jẹ ẹ́ kí ẹ tó wọlé, kó ṣì gbóná. Ẹyin kẹ́, ẹ dín in kó gbẹ, kí òun náà jẹ ẹ́ ní pápákọ̀.

Láti ìsinsìnyí, ẹ máa gbé ẹja díẹ̀, bí orí ìka, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrẹsì rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ má sọ nǹkan kan. Àwọn tó ṣèwádìí ní ọmọ lè rí oúnjẹ tuntun tó ìgbà 8 sí 15 kó tó gbà á, àwa máa ń jáwọ́ lẹ́yìn ìgbà mẹ́ta. Àjàní kò gba ẹja títí a fi dé Peckham.

Bí ẹ bá ti mọ ọjọ́ tí ẹ máa gbéra, ẹ sọ fún mi. Kúlà kékeré tí a fi gbé ìrẹsì rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ wa ní Àsẹ̀rò, omorí rẹ̀ ṣì dé dáadáa. Ẹ wá mú un.