Ìbéèrè Yín Lórí Alùpùpù: Ṣé Bullet Yìí Lè Wọ Pre-65?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ń lọ wo ìdíje trials àwọn alùpùpù àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń gun orí àpáta àti inú ẹrẹ̀ láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ní àgbègbè Leeds níbí, ó sì ti wù mí débi pé mo fẹ́ gun tèmi. Ẹnì kan ń ta Royal Enfield Bullet 350 tí wọ́n ti tún ṣe fún trials. Ó ní 1959 ni wọ́n ṣe é, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ìgbà yẹn, àmọ́ mo rí i pé 12 volt ni iná rẹ̀. Ṣé wọ́n á jẹ́ kí n fi wọ Pre-65? (K. A., Leeds)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, owó tó wà lápò rẹ, jẹ́ kó ṣì wà níbẹ̀ ná.

Ohun tí òfin Pre-65 ń sọ ni pé kí wọ́n ti ṣe alùpùpù náà ṣáájú ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1965. Bullet ló máa ń da èèyàn lójú rú jù lórí òfin yìí. Royal Enfield ti Redditch, nítòsí Birmingham, gbé iṣẹ́ Bullet dé Madras ní Íńdíà ní 1955. Ilé iṣẹ́ Redditch kógbá wọlé ní 1967, àwọn ará Madras ń bá tiwọn lọ, wọn kò sì yí ìrísí rẹ̀ padà púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí Bullet 1959 àti èyí tí wọ́n ṣe ní 1990 fi dà bí ìbejì lójú ẹni tó bá dúró lókèèrè.

Iná 12 volt yẹn tó ohun tí èèyàn ń béèrè lé lórí, nítorí 6 volt ni Redditch ń lò nígbà náà. Kì í ṣe ẹ̀rí tán o. Ọ̀pọ̀ ló ti fi 12 volt rọ́pò kí iná lè mọ́lẹ̀ dáadáa. Nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ náà kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti rí ìwé àtijọ́ gidi tí wọ́n so mọ́ férémù tí kò bá a tan. Má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “historic” inú ìwé ọkọ̀ tàn ọ́. Ti ìjọba nìyẹn: ọkọ̀ tó bá ti lé ní 40 ọdún lè bọ́ lọ́wọ́ owó orí ọdọọdún. Bullet tí wọ́n ṣe ní Madras ní 1980 lè jẹ́ “historic”, kó má sì sún mọ́ Pre-65 rárá.

Ọrùn férémù ni kí o ti bẹ̀rẹ̀. Nu ọ̀rá ibẹ̀ kúrò, ka nọ́ńbà tí wọ́n lù sí i, ka ti ẹ́ńjìnnì náà, kí o fi méjèèjì wé V5C, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà. Bí wọn kò bá bára mu, kí olùtà sọ ìdí. Lẹ́yìn náà, fi àwọn nọ́ńbà yẹn ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ àwọn tó ni Royal Enfield, tàbí sí Vintage Motor Cycle Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1946. Àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ àtijọ́ wà lọ́wọ́ irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí tí wọ́n bá sì kọ, ìjọba máa ń gbà á. Olùtà tó bá ń bínú nítorí pé o fẹ́ wádìí, fi alùpùpù rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló sì ń kọ òfin tirẹ̀. Pre-65 Scottish tí wọ́n ń ṣe ní Kinlochleven láti 1984 le gan-an: wọ́n ń yẹ alùpùpù wò kí wọ́n tó gbà á, àwọn tó fẹ́ wọlé sì máa ń pọ̀ ju ààyè lọ. Ẹgbẹ́ kékeré tó ń ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú lè gba Bullet Íńdíà tó bá jọ ti ìgbà náà, tàbí kí wọ́n fi í sí ìsọ̀rí mìíràn. Akọ̀wé wọn ni kí o kọ́kọ́ kọ̀wé sí.

Inú mi dùn pé Bullet ló wù ọ́. Títí di 1948, àwọn tó ń gun trials gbà pé ẹ̀yìn tí kò ní ṣọ́ọ̀kì ló ń di ẹrẹ̀ mú jù. Lọ́dún yẹn ni Royal Enfield gbé Bullet tó ní ṣọ́ọ̀kì lẹ́yìn wá síbi ìdíje Colmore Cup. Lọ́dún kan náà, ní San Remo ní Ítálì, àwọn méjì tó gun Bullet nínú ikọ̀ Bìrìtéènì gba wúrà níbi ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà àgbáyé. Johnny Brittain wá fi Royal Enfield gba Scottish Six Days Trial, ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́fà ti Skọ́tíláǹdì, ní 1952 àti 1957. Láti ìgbà yẹn, ta ló tún lè sọ pé ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn kò wúlò?

ÌBÉÈRÈ: Bantam tí mo ní jẹ́ ti 1968, BSA gidi, Small Heath nílé wa níbí ni wọ́n ti ṣe é. Kí ló dé tó fi jẹ́ 1965 ni wọ́n fi ààlà sí, tí kì í ṣe 1970? Ó ń dùn mí. (T. O., Birmingham)

ÌDÁHÙN: Mo mọ bó ṣe máa ń dunni. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà yẹn.

Eré sísá kọ́ ni trials. Orí àpáta, inú odò àti ẹrẹ̀ ni wọ́n ń gbà, alákìíyèsí á sì dúró sí ibi ìdánwò kọ̀ọ̀kan. Bí o bá fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, máàkì kan. Bí alùpùpù bá dúró pátápátá, márùn-ún. Ẹni tí máàkì rẹ̀ kéré jù ló borí. Ní 1961, Gordon Jackson gun AJS fún ọjọ́ mẹ́fà gbáko ní Skọ́tíláǹdì, máàkì kan ṣoṣo ló pàdánù. Ẹsẹ̀ kan, ẹ̀ẹ̀kan, lọ́jọ́ mẹ́fà! Mo ti dúró ṣe alákìíyèsí nínú òjò rí, mo sì mọ̀ pé ẹlòmíràn kì í kọjá ibi ìdánwò kan láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Sammy Miller, ọmọ Belfast, ń gun Ariel HT5, nọ́ńbà rẹ̀ GOV 132. Selly Oak, nítòsí yín níbẹ̀, ni wọ́n ti ṣe Ariel. Ó fi gba Scottish Six Days Trial ní 1962 àti 1964. Nígbà tí 1964 ń parí lọ, ó kọjá sọ́dọ̀ Bultaco ti Sípéènì, ó bá wọn ṣe Sherpa, alùpùpù tó fúyẹ́ ju Ariel lọ dáadáa, ó sì fi gba Scottish lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Alùpùpù ilẹ̀ òkèèrè kò gbà á rí. Àwọn ńlá ńlá Bìrìtéènì kò bọ́ sípò wọn mọ́. Ní 1966, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe AJS àti Matchless wọ gbèsè. Nítorí náà, lójú tèmi, ibi tó yẹ gan-an ni ààlà 1965 wà: àwọn tó wà ṣáájú rẹ̀ ń bára wọn díje, Bultaco kò sí láàárín wọn. Bí wọ́n bá sún un dé 1970, ta ni yóò tún gbé Ariel jáde?

Ní ti Bantam rẹ, béèrè. Ẹgbẹ́ mìíràn ń wo ìrísí àti irú ẹ̀yà ara tó wà lára rẹ̀ ju ọdún lọ.

ÌBÉÈRÈ: Ọkọ mi tó ti di olóògbé fi AJS 16C ti 1961 sílẹ̀, ó pé pérépéré. Ọmọ wa fẹ́ fi wọ Pre-65, ó ní òun á gé lára férémù, òun á sì fi bíréèkì díìsì síwájú kó lè fúyẹ́. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá I., Bristol)

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó gé e. 16C tó pé bẹ́ẹ̀ ti di ọ̀wọ́n, irin tí wọ́n bá sì gé kò ṣeé dá padà. Bíréèkì díìsì náà á tì í síta, nítorí kò sí irú rẹ̀ lára alùpùpù trials nígbà yẹn. Bó bá jẹ́ èyí tó fúyẹ́ ló ń wá, àwọn kan ń ṣe férémù tuntun ní àwòkọ ti àtijọ́. Kó ra ìyẹn, kó sì bi ẹgbẹ́ rẹ̀ bóyá wọ́n gbà á.

Ti bàbá rẹ̀, kó fi táyà trials sí i, kó dín afẹ́fẹ́ ti ẹ̀yìn kù sí bíi 5 psi, kó sì pààrọ̀ eyín tí ṣéènì ń rìn lórí rẹ̀ kí gíà àkọ́kọ́ lè máa lọ jẹ́jẹ́. Ohun yòówù tó bá tú kúrò, kó kọ orúkọ rẹ̀ sára, kó kó o sínú àpótí kan, kí ẹ̀yin fúnra yín sì bá a tọ́jú àpótí náà.