Ìyàwó Òkè-Fíà tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò fẹ́ wọ gáùn ìrù ẹja

Lẹ́tà kan wọlé láti Òkè-Fíà, l'Óṣogbo níbí:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àǹtí wa. Dìsẹ́ńbà ni ìgbéyàwó mi, ọ̀rẹ́ márùn-ún ló máa tẹ̀lé mi. Ọ̀kan sanra, ọ̀kan tín-ín-rín, ọ̀kan lóyún, á ti tó oṣù mẹ́fà nígbà yẹn, ọ̀kan ń wọ híjáàbù, ìkarùn-ún òkè ẹ̀ kéré ṣùgbọ́n ó nídìí. Mo rí gáùn sátíìnì kan lórí Instagram, èjìká ẹ̀ wà níta, ó fún mọ́ra dé orúnkún kó tó ṣí bí ìrù ẹja. Mo fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp wa, èyí tó sanra ò fọhùn fún ọjọ́ méjì, ìgbà tó máa sọ̀rọ̀ ó ní kí n yọ òun kúrò. Mo ní kó rọra máa jẹ ẹ̀bà kó tó di Dìsẹ́ńbà. Látìgbà yẹn kò gbé fóònù mi mọ́. Màámi sì ní ohun kan náà ni gbogbo wọn gbọ́dọ̀ wọ̀. Ẹ gbà mí o."

Àbúrò mi, orí bá ẹ ṣe é tí o ò sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀bà yẹn níṣojú mi. Ẹni tó máa gbé báàgì ẹ, tó máa bá ẹ ṣa owó nílẹ̀ níbi tí wọ́n bá ti ń náwó fún ẹ, ìwọ wá ń ka òkèlè ẹ̀. Lọ bẹ̀ ẹ́, má sì fi vóìsì nóòtù bẹ̀ ẹ́ o, fẹsẹ̀ ara ẹ rìn lọ.

Ó ku ti aṣọ. Mi ò dá màmá ẹ lẹ́bi, wọ́n fẹ́ kí ẹ jọra ni, ṣùgbọ́n ṣebí àwa la ni aṣọ ẹbí, ọgọ́rùn-ún èèyàn á gba léèsì kan náà, ẹlòmíì á dá ìró àti bùbá, ẹlòmíì á rán gáùn, ẹlòmíì síkẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ tí wọ́n bá ti wọlé gbogbo ayé á mọ̀ pé ẹbí kan ni. Ta ló wá ní tàwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó gbọ́dọ̀ dà bíi yúnífọ́ọ̀mù? Jẹ́ kí àwọ̀ bára mu, kí gbogbo ẹ̀ gùn dé ilẹ̀, kí oníkálukú mú ọrùn àti apá tó yẹ ẹ́.

Sátíìnì yẹn gan-an ni mi ò fẹ́. Ó ń dán, ibi tí ara bá ti yọ ni iná máa bà sí, ìlà kọ́mú, ìdodo, òógùn abẹ́ apá, kò sí èyí tí fọ́tò ò ní gbé jáde. Kírépù ni kí ẹ rà, èyí tó nípọn tó sì ń fà díẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi, àwọ̀ aró ni màá mú, ọmọ ìlú aró kúkú ni yín, kò sì sí dúdú tàbí pupa tí kò yẹ.

Ọ̀rẹ́ ẹ tó sanra, kí wọ́n gé ọrùn ẹ̀ bíi V, kí apá kọjá ìgúnpá díẹ̀, kí wọ́n mú un mọ́ra lábẹ́ ọyàn níbi tí ara ti kéré jù, kó wá máa ṣí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lọ sílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí télọ̀ rán àpò ìrẹsì fún un pé òun ń bo ara o, aṣọ tó bá ti fẹ̀ jù ńṣe ló ń fi kún ara. Kọ́mú tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ni kó wọ̀ lọ wọnra, torí kọ́mú gidi máa gbé àyà sókè, ìwọ̀n á yàtọ̀.

Irú ẹ̀ náà ló máa gba aláboyún, àmọ́ okùn ni kí wọ́n fi dè é lẹ́yìn dípò síìpù, kí wọ́n sì tún un wọ̀n nígbà tó bá ku ọ̀sẹ̀ méjì. Èjìká ìta tó wù ẹ́ yẹn, ẹni tó nídìí ló yẹ, á jẹ́ kí òkè ẹ̀ fẹ̀ kó bá ìsàlẹ̀ dọ́gba. Tín-ín-rín lè wọ ìrù ẹja ẹ, kò burú. Oníhíjáàbù, apá gígùn, ọrùn pípa dé, kó má fún mọ́ra, kí ẹ sì bá a wá sífọ́ọ̀nù aláwọ̀ kan náà fún híjáàbù, kó má lọ wá tiẹ̀ lọ́tọ̀.

Tẹ́ ẹ bá dé Ọjà Ọba, ara ìdì kan ṣoṣo ni kí ẹ ti gé gbogbo kírépù náà, torí aró ìdì yìí àti aró ìdì kejì kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn wò, iná ṣọ́ọ̀bù ń purọ́.

Ní 2011 èmi náà tẹ̀lé ọ̀rẹ́ mi kan, gáùn kan náà ni wọ́n rán fún àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, a kúnlẹ̀ níwájú àwọn àna kí wọ́n ṣàdúrà, mo kàn gbọ́ "fàà", síìpù mi là dé ìdí, ìborùn oníborùn ni mo fi bo ẹ̀yìn títí wọ́n fi gé kéèkì. Nítorí náà tó bá ku ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo wọn wọ̀ ọ́, kí wọ́n kúnlẹ̀, kí wọ́n dìde, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ bí ẹni ń ṣa owó. Kí télọ̀ sì fi ínṣì kan sílẹ̀ nínú ojú rírán, kó ṣeé tú.

Má tíì ju fọ́tò kankan sórí WhatsApp mọ́. Gé kírépù kékeré, gbé e lọ fún ọ̀rẹ́ ẹ yẹn nílé, kó jẹ́ òun lá kọ́kọ́ mú ọrùn tó wù ú. Ìwọ lo sì máa san owó télọ̀ tiẹ̀ o, owó ẹ̀bà nìyẹn.