Odò Mọ́ Gaara Lẹ́yìn Ìwakùsà: Ṣé Ó Ti Ṣeé Mu?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ìtòsí Iléṣà ni oko bàbá wa wà. Wọ́n wa wúrà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan, lẹ́yìn náà ni wọ́n dí àwọn kòtò, tí wọ́n sì gbin koríko lé e lórí. Nígbà tí wọ́n ń lọ, wọ́n fi ìwé kan hàn wá pé àwọn ti yẹ omi odò wò, kò sì sí nǹkan tó ṣe é. Lóòótọ́, odò tó pọ́n bí omi amọ̀ nígbà náà ti mọ́ gaara báyìí, àwọn èèyàn sì ti tún ń pọn ọ́n. Ṣùgbọ́n ọkàn ìyá mi kò balẹ̀. Ṣé kí a máa mu ún? — Òǹkàwé yín láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà.

ÌDÁHÙN: A dúpẹ́ tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹ bá wa kí ìyá yín, ẹ sì sọ fún wọn pé ìfòyà wọn tọ̀nà: ẹ má tíì mu omi náà, ẹ má sì fi se oúnjẹ ọmọdé.

Ohun tí mímọ́ gaara odò ń fi hàn kò ju pé ẹrẹ̀ ti rọlẹ̀ lọ. Òjé, arsenic (oró kan tó máa ń wà nínú òkúta), àti mẹ́kúrì tí àwọn awakùsà kan fi ń kó ẹ̀rún wúrà jọ, kì í sábà fún omi ní àwọ̀ tàbí òórùn. Bí ẹ bá sè é, omi ni yóò fà, òjé yóò wà níbẹ̀ digbí. Álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò kò sì ṣeé gbára lé fún irú èyí. Nígbà tí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ ní ọdún 2022 pé kí àwọn olùjọ́sìn má mu omi odò Ọ̀ṣun, odò náà ti pọ́n lójú gbogbo ayé. Ní tiyín, àwọ̀ tí ì bá kìlọ̀ fún ọmọdé ti lọ, ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Nǹkan mìíràn tún wà. Bí òkúta tí wọ́n hú láti abẹ́ ilẹ̀ bá ní irin àti imí-ọjọ́ nínú, ìgbà tí afẹ́fẹ́ àti omi bá kàn án ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ omi di kíkan, omi kíkan náà yóò sì máa fa àwọn irin olóró jáde lára òkúta díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn lẹ́yìn tí awakùsà ti palẹ̀ mọ́ tó ti lọ. Ní Wheal Jane, ní Cornwall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti ibi ìwakùsà pa ní ọdún 1991, wọ́n sì dá ẹ̀rọ tó ń fa omi jáde dúró. Omi ń ga sókè nínú ihò títí ó fi bẹ́ síta ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1992, tó sọ odò Carnon di pupa bí irin tó dípẹtà. Ó ju ọgbọ̀n ọdún lọ báyìí, wọ́n ṣì ń fọ omi ibẹ̀.

Nítorí náà, ìwé kan ṣoṣo kò tó. Ẹ béèrè oṣù tí wọ́n bu omi náà, ibi tí wọ́n ti bù ú, àti ohun tí wọ́n wá nínú rẹ̀. Ibi mẹ́ta, ó kéré tán, ló yẹ kí wọ́n ti máa bu omi: òkè odò níbi tí ìwakùsà kò dé, kí a lè mọ ohun tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń gbé wá, ìsàlẹ̀ ibi tí wọ́n wà, àti ibi tí ẹ ti ń pọnmi gan-an. Ẹ fi kànga tó bá sún mọ́ ibẹ̀ kún un. Kí wọ́n bù ú nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tí omi kéré, kí wọ́n tún bù ú nígbà òjò àkọ́rọ̀ tó ń fọ ilẹ̀ wọ odò, àti nígbà tí òjò bá pọ̀, lọ́dọọdún, ní ibi kan náà. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ odò pàápàá yẹ ní yíyẹ̀wò, torí ibẹ̀ ni mẹ́kúrì ń sá pamọ́ sí títí àgbàrá yóò fi rú u sókè.

Ẹ dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń bù ú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọjú sí ibi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà rú ẹrẹ̀ sínú ìgò. Etí odò ni yóò ti ki ẹ̀rọ bọ omi láti mọ bó ṣe kan tó, nítorí ìyẹn lè yí padà lójú ọ̀nà. Ìgò tí wọn yóò fi yẹ irin wò, wọ́n máa ń kán ásíìdì díẹ̀ sí i, kí irin má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni fi ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò bu omi yìí.

Bí èsì bá dé, ẹ wò ó bóyá òjé àti arsenic kò ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú lítà kan, tí mẹ́kúrì kò ju 0.001, tí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, sì wà láàárín 6.5 sí 8.5; òṣùwọ̀n omi mímu ti Nàìjíríà nìyẹn. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 sì di àtúnṣe ilẹ̀ ru ẹni tó gba ìwé àṣẹ, nítorí náà, kí baálẹ̀ kọ̀wé sí ẹ̀ka tó ń mójú tó àyíká ibi ìwakùsà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan pamọ́. Bí èsì àkọ́kọ́ bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí wa, a ó bá yín kà á.