Texas ni láísẹ́ǹsì mi wà, Maryland la ń kó lọ: kí ni kí n ṣe?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Dietitian ni mí, ìyẹn ẹni tó ń tọ́ aláìsàn sọ́nà lórí oúnjẹ, ọsibítù kan ní Houston ni mo ti ń ṣiṣẹ́, àwọn alátọ̀gbẹ àtàwọn tí kíndìnrín ń yọ lẹ́nu ni mò ń bójú tó. Ọkọ mi ti ríṣẹ́ sí Maryland, a sì fẹ́ ti dé ibẹ̀ kí àwọn ọmọ tó wọlé iléèwé. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ṣáà kọ̀wé sí Texas pé kí wọ́n fi láísẹ́ǹsì mi ránṣẹ́ sí Maryland, ó tán. Ẹlòmíì ní màá tún ìdánwò ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Èwo ni kí n gbà gbọ́? — Ìyá Ìbejì, Houston

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìmúra o. Àwọn méjèèjì ò sọ ọ́ bó ṣe rí. Kò sí ìpínlẹ̀ tó ń gbé láísẹ́ǹsì fún ìpínlẹ̀ míì, ti Texas ò kọjá Texas, tuntun lẹ máa gbà ní Maryland. Àmọ́ ẹ ò ní tún ìdánwò ṣe, torí ìdánwò tẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́sí kì í ṣe ti Texas, Commission on Dietetic Registration, ìyẹn CDR, àjọ tó ń forúkọ dietitian sílẹ̀ ní gbogbo Amẹ́ríkà, ló ni ín, àwọn ló fún yín ní RD, ìyẹn orúkọ oyè Registered Dietitian, RD yẹn sì ń bá yín dé gbogbo ìpínlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà nìyẹn, wọ́n rò pé RD àti láísẹ́ǹsì, ọ̀kan náà ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn jù ni pé òfin ìpínlẹ̀ méjèèjì ò dọ́gba. Ní Texas, orúkọ "licensed dietitian" ni òfin ń dáàbò bò, pé ẹni tí kò gba láísẹ́ǹsì ò gbọ́dọ̀ pe ara ẹ̀ bẹ́ẹ̀, TDLR, ilé iṣẹ́ ìjọba Texas tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, ló ń bójú tó o. Ní Maryland, iṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ẹ ò lè ṣe é láìgba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ State Board of Dietetic Practice. Nítorí náà, tí ọ̀gá ibi iṣẹ́ tuntun bá ní kẹ́ ẹ máa bọ̀, pé láísẹ́ǹsì á bá yín níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbà, orúkọ yín ló máa wà lórí fáìlì aláìsàn o, kì í ṣe tiẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tẹ́ ẹ ṣì wà ní Houston. Ẹ lọ sórí wẹ́bùsáìtì bọ́ọ̀dù Maryland, ẹ gba fọ́ọ̀mù, ẹ sanwó, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ ní kí CDR jẹ́rìí sí RD yín, kí Texas náà jẹ́rìí sí láísẹ́ǹsì yín, kí ìwé ẹ̀rí yẹn sì ti ọ̀dọ̀ wọn lọ tààrà, torí èyí tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, bọ́ọ̀dù lè dá a padà. Ẹ wo orúkọ dáadáa: tó bá jẹ́ orúkọ bàbá yín ló wà lórí sátífíkéètì yunifásítì, tí orúkọ ọkọ wà lórí RD, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó kún un kí wọ́n tó bi yín. Ẹ wo kírẹ́díìtì ẹ̀kọ́ 75 tí CDR ń béèrè ní ọdún 5-5 náà, tí àkókò yín bá ti fẹ́ pé, ẹ parí ẹ̀ ná.

Ẹ má jẹ́ kí ti Texas kú kí ti Maryland tó jáde o. Nọ́ńbà NPI yín, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ fún òṣìṣẹ́ ìlera, ò ní yí padà láéláé, àdírẹ́sì lẹ máa pààrọ̀ láàárín ọjọ́ 30.

Ó máa ń dùn mí gan-an bí mo ṣe ń rí àwọn ọmọ wa tó ń jókòó sílé láìgba kọ́bọ̀, torí ilé ni wọ́n kọ́kọ́ wá, láísẹ́ǹsì ló gbẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ àwọn ará wa pọ̀ ní Prince George's County, àwọn àgbà tí wọ́n sọ fún pé kí wọ́n má jẹ ẹ̀bà mọ́ láìsọ ohun tí wọ́n máa jẹ. Irú yín ni wọ́n ń wá, ẹni tó mọ̀ pé èèyàn lè jẹ àmàlà tí kò pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀fọ́ tó pọ̀.

Ìbéèrè: Atlanta ni mo wà, orí fídíò ni mo ti ń bá àwọn oníbàárà mi sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ti kó lọ sí Florida, ṣé láísẹ́ǹsì Georgia mi ṣì tó? — Bọ̀dá Wálé

Ìdáhùn: Kò tó, Bọ̀dá Wálé. Ibi tí aláìsàn jókòó sí ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tẹ́yin wà. Florida ṣe dáadáa níbí yìí ṣá, wọ́n ní ìforúkọsílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣe telehealth, ìyẹn ìtọ́jú orí fídíò tàbí fóònù, láti ìpínlẹ̀ míì, dietitian wà lára ẹ̀, ẹ ò kàn gbọ́dọ̀ ṣí ọ́fíìsì síbẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ máa rí èèyàn lójúkojú. Àdéhùn kan tún wà láàárín àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Dietitian Licensure Compact, kí dietitian ìpínlẹ̀ kan lè ráyè ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ míì tó wà nínú ẹ̀, Alabama, Nebraska àti Tennessee wà lára àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dòfin ní 2024. Kí ìpínlẹ̀ wọ̀ ọ́ nìkan ò tó, wọ́n tún gbọ́dọ̀ ṣètò bí wọ́n á ṣe máa fún èèyàn ní àyè, torí náà ẹ má tìtorí ẹ̀ dá fọ́ọ̀mù yín dúró.

Ìbéèrè: Mo kàwé nípa oúnjẹ ní Ìbàdàn, mo sì ń ṣiṣẹ́ dietitian níbí. Ṣé mo lè gbé láísẹ́ǹsì Nàìjíríà mi wá sí Amẹ́ríkà? — Títí

Ìdáhùn: Títí, àbúrò mi, rárá. Nàìjíríà ò sí lára orílẹ̀-èdè tí CDR bá ṣe àdéhùn. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ dìgírì ẹ wò, wàá wá iléèwé tí ACEND, àjọ tó ń yẹ iléèwé àwọn dietitian wò, fọwọ́ sí tó máa sọ kọ́ọ̀sì tó kù fún ẹ, wàá ṣe iṣẹ́ lábẹ́ àbójútó, ó kéré tán wákàtí 1,000, kó o tó jókòó ìdánwò. Láti January 1, 2024 sì ni wọ́n ti ń béèrè máásítà kí èèyàn tó lè ṣe ìdánwò náà. Tó o bá ti ní máásítà, sọ fún iléèwé náà nínú ímeèlì àkọ́kọ́, kó o sì bi wọ́n bóyá wọ́n ń gba ẹni tó kàwé lókè òkun kó o tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, pàápàá àwọn ejẹ́ǹtì tó ń sọ pé àwọn á bá ẹ "ṣe é kíákíá".