Bíréèkì iwájú tó ń di táyà mú

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ní alùpùpù yín àtijọ́ ń wúwo bí ẹ bá ń gun òkè Ẹ̀fọ̀n, díìsì iwájú a sì gbóná janjan, mẹkáníìkì wá ní kí ẹ ra páàdì tuntun. Ẹ fi owó yín sápò ná.

Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ wá fọwọ́ yí táyà. Bó bá ṣì le, ẹ fi sípánà tú nípù kékeré ara kálípà (irin tó ń fi páàdì di díìsì mú) díẹ̀. Bí óìlì bíréèkì bá ta jáde tí táyà sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí wọ́ọ́rọ́wọ́, apá òkè, láàárín ọwọ́ bíréèkì àti kálípà, ni wàhálà wà. Ẹ ṣí ìdérí másítà, ìyẹn agolo óìlì tó wà lẹ́bàá ọwọ́ bíréèkì, ẹ rọra tẹ bíréèkì: óìlì yẹ kó ta fín-ín láti ihò tí kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Bí kò bá ta, ihò yẹn ti dí, óìlì ò rọ́nà padà. Bó bá ń ta, ẹ fura sí ọ̀pá rọ́bà tí óìlì ń gbà lọ sí kálípà. Ó lè máa dán lóde kó ti wú nínú.

Bí nípù ti ṣí tí táyà ò yí, písítìn inú kálípà, tó ń ti páàdì, ló ti dípẹtà. Ẹ yọ ọ́, ẹ pààrọ̀ òrùka rọ́bà ara rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi pẹtiróò fọ rọ́bà yẹn o! Wíwú ló máa wú, àwọn ọmọ iṣẹ́ wa fẹ́ràn àṣà burúkú yìí. Óìlì bíréèkì ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, irú DOT (àmì irú óìlì bíréèkì) tí wọ́n kọ sórí ìdérí másítà. Ẹ má jẹ́ kó kan ọ̀dà, ó máa ń bó o.

Ẹ fa afẹ́fẹ́ inú bíréèkì tán, kí ẹ kọ́kọ́ dán an wò níbi tó tẹ́jú.