“A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì sanwó”

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa kan bèèrè pé kí ló dé tí àwọn ọmọ kíláàsì òun, títí dórí àwọn àgbà tó kàwé, fi ń pe gbogbo ohun tó bá ti ṣe kòńgẹ́ ní irony (ìyẹn kí ọ̀rọ̀ tàbí ìṣẹ̀lẹ̀ jẹ́ òdì ohun tó yẹ ká retí), ṣùgbọ́n tí irony gan-an bá dé iwájú wọn, wọn kì í dá a mọ̀. Mo ti kọ́ Lítíréṣọ̀ nílé ẹ̀kọ́ girama títí irun mi fi funfun, èmi náà sì ni akápò ẹgbẹ́ onílé ládùúgbò wa n'Ìbàdàn. Iṣẹ́ akápò yìí ló là mí lójú ju iṣẹ́ olùkọ́ lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká tètè kúrò níbi tó rọrùn. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó: ìyẹn kì í ṣe irony, òjò ló rọ̀. Ọkọ̀ yọnu ní márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pe èèyàn fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò iṣẹ́: àgbákò ni. Àmọ́ bí ẹni tí gbogbo ìlú ń sanwó fún kó bá wọn dá òjò dúró bá ń sìnkú bàbá tirẹ̀, tí òjò wá ká kánópì àti àga lọ, ẹ ti débẹ̀. Ohun tí a mọ̀ nípa ọkùnrin náà ti jẹ́ ká máa retí nǹkan kan. Òdì ohun tí a ń retí ló ṣẹlẹ̀, ẹni tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ló sì ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn ọmọ kíláàsì mi máa ń rò pé ẹrù Òyìnbó ni nǹkan yìí, pé inú ìwé ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Mo máa ń ní kí wọ́n pa ìwé dé, kí ẹnì kan pa àlọ́ Ìjàpá àti Yánníbo fún wa. Yánníbo kò rọ́mọ bí. Ìjàpá lọ bá babaláwo, wọ́n se àsèjẹ fún un, wọ́n sì kìlọ̀ pé kò gbọ́dọ̀ fẹnu kàn án. Kó tó délé, ó ti jẹ ẹ́ tán, ikùn tó yẹ kó yọ lára ìyàwó sì yọ lára ọkọ. Ibi tí àwọn ọmọ ti máa ń rẹ́rìn-ín jù ni orin tí Ìjàpá kọ padà lọ bá babaláwo, pé gbòǹgbò ló gbé òun ṣubú, pé ọwọ́ òun ló kan ilẹ̀ tí òun sì fi kan ẹnu. Kò sí ọmọdé tó ń gbe orin yẹn tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Ìjàpá nìkan ló rò pé àṣírí òun bò. Tí mo bá ti wá bi wọ́n pé, “Ta ló mọ̀? Ta ni kò mọ̀?” ọwọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í nà sókè, títí kan ọwọ́ àwọn tó ń sùn lẹ́yìn.

Ìbéèrè méjì yẹn ni mo ń gbé tọ gbogbo irony lọ, torí pé ọ̀rọ̀ nìkan kọ́ ló ń gbé e ró. Ohun tí ẹni tó ń gbọ́ ti mọ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde ló ń gbé e ró. Ọmọ fọ́ àwo, ìyá rẹ̀ ní, “O kú iṣẹ́ o. Ó ku méjì lórí tábìlì, bá mi fọ́ ìyẹn náà.” Kò sí ọmọ tó gbọ́njú tó máa nawọ́ sí àwo kejì. Ó ti mọ bí ìyá rẹ̀ ṣe fẹ́ràn àwo yẹn tó, òun ló sì fi tú “o kú iṣẹ́” sí ohun tó jẹ́. Ẹ wo àwọn orúkọ àbíkú náà. Òbí tó sọ ọmọ rẹ̀ ní Ààtàn tàbí Ajá kò kórìíra ọmọ. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà lọ́run ló fẹ́ kó gba ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí létí; gbogbo ará ilé mọ̀ pé ìfẹ́ ni wọ́n dì sínú rẹ̀.

Ṣé ẹ rí i pé ẹnu wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ? Orí ìwé ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tiránsífọ́mà àdúgbò wa jó. A pín owó àtúnṣe lé ojúlé kọ̀ọ̀kan lórí. Àwọn kan san, àwọn kan sì ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde tí wọ́n bá ti rí mi. Akọ̀wé wa, tí ẹnu rẹ̀ kì í gbófo, kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan: “A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí kò tíì sanwó. Ẹ má ṣe ìyọnu rárá. Ẹ jókòó sílé yín, iná á wá bá yín fúnra rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, èsì ti dé. Bàbá àgbàlagbà kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé àdúgbò kọ ọ́ pé, “Ẹ ṣeun púpọ̀, akọ̀wé. Ọlọ́run á bù kún yín. Ibi tí mo fẹ́ ti rí i gan-an ni mo ti ń rò.” Obìnrin kan tó ti san tirẹ̀ ní kí n dá owó òun padà, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tí kò san ni ẹgbẹ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo wá kan ilẹ̀kùn gbajúgbajà onígbèsè wa ní Sátidé, fóònù ló kọ́kọ́ nà sí mi. “Akápò, ẹ kà á. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ pé ká jókòó. Àbí ẹgbẹ́ ti ń sọ̀rọ̀ méjì ni?” Ó ń fi ètè pa ẹ̀rín mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́.

Àìgbọ́ àwọn mẹ́ta yìí kò dọ́gba, ibẹ̀ sì ni èèyàn ti máa ń ṣìnà, tí wọ́n bá ní “àwọn èèyàn ò lóye irony.” Bàbá yẹn kì í ṣe òpè. Kò sí ní ìpàdé tí a ti jà lórí owó, kò mọ ìwà akọ̀wé, ọmọlúàbí sì ni: bí wọ́n bá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà ló ń fi dáhùn. Obìnrin yẹn mọ̀ pé ọ̀kò ọ̀rọ̀ ni, ó kàn rò pé òun ni wọ́n sọ ọ́ lù. Ẹnì kẹta gbọ́ ọ yéké, ó wá sọ àìgbọ́ di ohun ìjà. Kò sí àlàyé gírámà kankan tó lè wo irú àìgbọ́ yẹn sàn.

Ká ní ìpàdé ni akọ̀wé ti sọ ọ́ ni, á fa “a dúpẹ́” yẹn gùn, á yí ojú sí ibi tí àwọn onígbèsè jókòó sí, gbogbo ilé á sì hó yèè. Lórí fóònù, ohùn kò sí, ojú kò sí. Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá kan l'Amẹ́ríkà, Justin Kruger, Nicholas Epley àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́, dán irú èyí wò, wọ́n sì tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2005. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi gbólóhùn ránṣẹ́ síra wọn, òmíràn bó ṣe rí, òmíràn ní òdì, lóhùn àti lórí ímeèlì. Àwọn tó ń ránṣẹ́ gbà pé ó máa yé ẹnì kejì ní bí ìgbà 78 nínú 100, ì báà jẹ́ ohùn, ì báà jẹ́ ímeèlì. Lóhùn, ó yé wọn ní bí 73. Lórí ímeèlì, bí 56 ni, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ sàn ju kéèyàn máa méfò lọ. Ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nínú bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó wá rò pé ohùn náà bá a wọ inú fóònù lọ.

Ó ti pẹ́ tí irony orí ìwé ti ń kó èèyàn sí ìjọ̀ngbọ̀n. Ní 1702, Daniel Defoe, tó jẹ́ ọ̀kan lára àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì tí kò sí lábẹ́ Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ìwé pẹlẹbẹ kan láìfi orúkọ sí i. Ohùn àwọn agbawèrèmẹ́sìn tó kórìíra irú tirẹ̀ ló fi sọ̀rọ̀: pé kí wọ́n lé àwọn ọmọ ìjọ wọ̀nyẹn kúrò nílùú, kí wọ́n sì so àwọn oníwàásù wọn kọ́. Àwọn kan nínú àwọn tó fi ń ṣẹ̀sín kà á, wọ́n ní òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àwọn èèyàn tirẹ̀ kà á, ẹ̀rù bà wọ́n. Nígbà tí àṣírí tú, ọ̀tún bínú, òsì bínú. Ilé aṣòfin ní kí wọ́n dáná sun ìwé náà, nígbà tó sì di July 1703, wọ́n fi Defoe sínú àbà ní gbangba fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ibi tó ti wọ́ ni pé nǹkan tó kọ kò jìnnà sí ohun tí àwọn kan ń wàásù gan-an lọ́dún yẹn. Kò sí àlàfo tí òǹkàwé máa gbà yọjú wo inú òǹkọ̀wé. Ẹ wá wo Jonathan Swift, àlùfáà àgbà ní Dublin, ní 1729. Ó dábàá pé kí àwọn tálákà Ireland máa ta ọmọ wọn tó bá ti pé ọdún kan fún àwọn ọlọ́rọ̀ jẹ. Ó ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò: nínú 120,000 ọmọ, kí wọ́n dá 20,000 sí fún irú, kí wọ́n ta 100,000. Ó tún sọ pé a lè yan wọ́n, a sì lè bọ̀ wọ́n. Kò sẹ́ni tó ń wàásù ìyẹn ní Dublin. Ẹni tó bá ń kà á lọ gbọ́dọ̀ kọsẹ̀ níbì kan, kó sì bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ọkùnrin yìí ń bínú sí. Ẹni tó bá fẹ́ sọ òdì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kọjá ibi tí ẹni tó ń sọ tọkàntọkàn lè dé. (Ní Nàìjíríà tiwa, ibẹ̀ ti jìnnà gan-an. Ìsọkúsọ yòówù kéèyàn fi ṣẹ̀fẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìjọba, ẹnì kan á ti sọ ọ́ lórí tẹlifíṣọ̀n, kò sì ní í rẹ́rìn-ín.)

Ìlòkulò tó ń bí mi nínú jù kò wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ irony rárá, ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ń sá pamọ́ ló ti ń wá. Ọ̀gá níbi iṣẹ́ kan á wo obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìgbéga, á ní, “Ìwọ náà? Wọ́n ti ń fún àwọn olùdáná nípò báyìí.” Tí obìnrin náà bá fajú ro, á ní irony ni, pé kò mọ àwàdà. Mo ti bi irú wọn léèrè ọ̀rọ̀ rí: “Ó dáa, kí ni òdì rẹ̀ tí ẹ ní lọ́kàn? Ẹ sọ ọ́.” Ìyá tó ní “o kú iṣẹ́” lè sọ tirẹ̀ kíá: iṣẹ́ ibi lo ṣe. Akọ̀wé wa náà lè sọ tirẹ̀: ẹ sanwó. Ọ̀gá yìí á kálòlò, torí pé kò sí òdì kankan níbẹ̀. Ohun tó sọ ló ní lọ́kàn, èébú ni.

Ẹnì kan ti dábàá pé ká máa fi àwòrán ojú ẹ̀rín sí ọ̀rọ̀ òdì tí a bá tẹ̀ ránṣẹ́. Ìdí tí wọ́n fi gbé e jáde náà nìyẹn. Ní 19 September 1982, Scott Fahlman, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Carnegie Mellon, ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun máa tẹ :-) tẹ̀lé àwàdà, torí pé wọ́n ti ń gba àwàdà ara wọn sí òótọ́. Láàárín ojúgbà sí ojúgbà, ó ń ràn wá lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá fi ojú tó ń rẹ́rìn-ín sábẹ́ ọ̀rọ̀ tí mo kọ sí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ojú ẹ̀rín yẹn gan-an ni wọ́n máa mú dání wá bá mi. Wọ́n á ní mo ń fi àwọn ṣẹ̀sín, wọ́n á sì pe àwọn àbúrò wọn sí i. Àwọn tí mo bá fẹ́ sọ̀rọ̀ òdì sí nínú wọn, mo máa ń pè wọ́n lórí fóònù ni, kí wọ́n gbọ́ ohùn mi.